Ohùn Tí Mo Dá Lẹ́jọ́ Lórí Ìlà Páì

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Chapel,
                                        Harthwaite,
                                        Yorkshire.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin, 2019.

Lorraine, ọ̀rẹ́ àtikékeré mi,

Báwo ni ìbàdí rẹ? Ṣé o ti ń fi ọ̀pá kan ṣoṣo rìn, àbí méjèèjì ṣì ni? Trevor ọkọ rẹ ńkọ́? Bá mi kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rọ́gíbì ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kì í ṣe ti ẹlẹ́ni mẹ́tàlá tiwa, ni wọ́n ń gbá ní Cornwall lọ́hùn-ún, tí òun náà sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé kò sí òmíràn. Ṣé afẹ́fẹ́ òkun kò le jù? Ológbò yín ńkọ́? Níbí, òjò kò jẹ́ kí a gbádùn, ṣùgbọ́n ara le. Ilé bàbá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Mo máa ń lọ ṣí fèrèsé rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, àwọn òdòdó ẹ̀yìnkùlé sì ti yọrí.

O mọ̀ mí dáadáa. Bí o bá ti rí i pé mo ń béèrè àlàáfíà ológbò, o ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lábẹ́ ahọ́n mi. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì korò.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tí ó ń gba ìtọ́jú etí lọ́dọ̀ mi. Gbohùngbohùn ni ohùn tí ó jáde lẹ́nu ẹni, tí ó lọ kan nǹkan líle níwájú, tí ó sì padà wá sí etí ẹni nígbà tí ẹni náà ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú yàrá, kíá ni ó ń padà, etí kì í fura. Ní pápá ńlá, ó ń pẹ́. Ẹni tí ó ń kọrin á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ti kọ kọjá, ọpọlọ rẹ̀ á fẹ́ dúró dè é, ahọ́n rẹ̀ á wúwo, ohùn rẹ̀ á já wálẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ orin kọ. Kò sí ẹni tí èyí kò lè ṣe. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn dókítà ọ̀dọ́ ní nǹkan yìí. Fi sọ́kàn, nítorí òun ni yóò dá mi lẹ́bi bí o bá ń kà á lọ.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, ẹgbẹ́ wa gba ẹgbẹ́ rọ́gíbì kan láti etí òkun lálejò. Mo pẹ́ débẹ̀ nítorí iṣẹ́ ilé ìwòsàn, ebi sì ń pa mí, ni mo bá lọ tò sórí ìlà àwọn tó ń ra páì, lẹ́yìn ibi tí àwọn òǹwòran ń dúró sí. Níbẹ̀, ògiri àti ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú nìkan ni ojú ń rí. Àwọn afunfèrè idẹ bẹ̀rẹ̀ sí fun fèrè nínú pápá, obìnrin kan sì ń kọrin jáde láti inú sípíkà. Kò bá wọn dọ́gba. Ó ń fà sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wá rọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ọkùnrin tó wà níwájú mi mi orí, ó ní, “Ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀gá tuntun ń kó wá láti orí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn.” Mo gbà á gbọ́. Mo ra páì mi, mo lọ wo eré, a sì borí.

O mọ èrò mi nípa ọ̀gá tuntun tó ra ẹgbẹ́ wa. Bí ẹnìkan bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà, iná á bú jáde nínú ìkòkò, orin á dún bí ẹni pé ilé ń wó, àwọn oníjó á sáré jáde nínú òtútù. Èmi kò mọ ohun tí iná ń wá níbẹ̀. Nínú rọ́gíbì ẹlẹ́ni mẹ́tàlá, eré náà gan-an ni ìdárayá. Wọ́n á gbé ọ ṣubú, wàá dìde, wàá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wàá fi ẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn fún ẹni tó kàn, eré á sì tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń sunkún fún kámẹ́rà. Ní ti àwọn ìdíje orin orí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àwọn adájọ́ mẹ́ta ti ń fi ẹni tí kò mọ orin kọ ṣe yẹ̀yẹ́ kí àwa lè rí ohun tí a ó fi jẹun alẹ́, mo ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé ìwà ìkà ni. Mo sọ ọ́ lórí rédíò, àwọn ènìyàn pè wọlé, wọ́n yìn mí.

Rédíò náà ni ó kó bá mi. Lẹ́yìn eré, èmi àti Neville Gledhill máa ń ṣe ètò àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ wa lórí rédíò àdúgbò, nínú yàrá tó wà lókè ilé ọtí ẹgbẹ́. O rántí Neville, ẹni tí o lẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́ nírun ní iléèwé. Kò tíì yí padà, irun náà nìkan ni ó lọ. Ó bi mí pé, “Dókítà, orin àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé orin ni, àbí ológbò kan ló há sẹ́nu ilẹ̀kùn?”

Ì bá jẹ́ pé mo rẹ́rìn-ín, kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ kan iṣẹ́ mi, àwa tí a kàwé púpọ̀ kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kí a pa ẹnu mọ́.

Mo ní, “Neville, má bú ológbò o. Ológbò mọ ibi tí ohùn ẹ̀ wà. Ti obìnrin yẹn, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni. Etí ẹ̀ kan ti dí pátápátá. Ẹ ní kó wá bá mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá bá a fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí kò bá sì ṣí, kó gbé makirofóònù sílẹ̀ fún ẹni tó gbọ́rọ̀, kó lọ máa ta páì.”

Neville rẹ́rìn-ín títí ó fi ń lu tábìlì. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Lorraine. Mo rẹ́rìn-ín gidi.

Ìgbà náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù ètò, Neville sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè bí ó ṣe máa ń ṣe. “Sheila tó ń ta páì ló kọ̀wé sí wa. Ó ní, ‘Ẹ sọ fún Dókítà pé Jodie, ọmọ Lorraine, ló—’” Ó ti orin kan bọ ẹ̀rọ, ó sì yí fóònù náà sí mi kí n ka ìyókù fúnra mi. “kọ orin yẹn. Etí òsì rẹ̀ ni kò gbọ́, Dókítà fúnra rẹ̀ ló sì tọ́jú rẹ̀. Bí páì títà bá jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí kò wúlò, kó má wá ra páì lọ́wọ́ mi mọ́.”

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé. Ọmọ rẹ ni. Ọmọ tí segede pa etí òsì rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, tí ìwọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi tí ò ń fi ìborùn rẹ nu ojú, tí èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láàárín àwọn ohun ìṣeré, tí mo sọ fún un pé etí kan tó fún orin. Ohun tí mo sọ fún ọmọdé níkọ̀kọ̀, mo sọ òdìkejì rẹ̀ fún gbogbo ìlú, mo sì fi ẹ̀rín sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn mi ti wà lórí gbogbo fóònù. Ní Mọ́ńdè, níbi tí Jodie ti ń ra búrẹ́dì, àwọn kan di etí òsì wọn mú, wọ́n ní, “Dókítà, ẹ bá wa fọ̀ ọ́ o!”

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ó sọ fún olórí afunfèrè pé òun kò ní kọrin ní Jímọ̀ Rere tó ṣáájú Àjíǹde, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kí a tó bá ẹgbẹ́ àwọn aládùúgbò wa ta kángbọ̀n lọ́jọ́ náà, wọ́n á ka orúkọ àwọn ẹni wa tó kú láàárín ọdún, wọ́n á sì kọ orin ìsìn kan fún wọn. Clifford Sugden ni orúkọ àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, bàbá rẹ, tí ó fọ aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wa títí ọwọ́ rẹ̀ fi ká. Orin ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, Jodie kàn ń fi dán pápá wò ni, nítorí ọjọ́ bàbá àgbà rẹ̀.

Mo lọ bá a nílé lọ́jọ́ Túsìdeè. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, “Ẹ wọlé, Àǹtí Glenys. Ẹ bọ́ bàtà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nulẹ̀ ni.” Mo dúró lórí ẹní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó lu, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ sì fọ́nká. Mo ní màá tọrọ àforíjì lórí rédíò ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀.

Ó ń da tíì sínú ife, kò wò mí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ò tíì mọ̀ pé etí mi kan ò ṣiṣẹ́ á tún wá mọ̀. Ìkéde tẹ́ ẹ ṣe ti tó.”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Ẹ sọ fún Mọ́mì. Ẹ̀yin fúnra yín, kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Láti Sọ́ńdè ni mo ti ń parọ́ fún wọn pé ọ̀fun ló ń dùn mí.” Ó gbé ife kalẹ̀ níwájú mi, ó wá wojú mi. “Ṣé òótọ́ ni, Àǹtí? Ṣé etí kan ò tó ni?”

Bí ó bá gbá mi létí ni, ì bá sàn. Mo ní ó tó, ó tó dáadáa, mo sì bi í ní ohun tí ó yẹ kí n ti béèrè kí n tó la ẹnu lórí rédíò: kí ni ó gbọ́ nígbà tó wà láàárín pápá?

Ó ní, “Mo gbọ́ ara mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ọ̀kan nínú ẹ̀ ni àwọn afunfèrè, mo wá ń dúró dè wọ́n.”

Gbohùngbohùn ni. Ọ̀gá tuntun ti so àwọn sípíkà ńlá mọ́ òdìkejì pápá nítorí ariwo orin rẹ̀, ohùn Jodie sì ń ti ibẹ̀ padà wá bá a. Ẹni tó ní etí méjì lè mọ̀ pé iwájú ni èyí ti wá, ẹ̀gbẹ́ ni tọ̀hún. Etí kan kì í mọ ìyàtọ̀ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ì bá mọ̀ ọ́n. Èmi ọ̀gá wọn dúró lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú owó páì lọ́wọ́, mo sì ṣèdájọ́.

Lánàá, a lọ sí pápá, èmi àti Jodie. Neville bá wa wá, kò sì ṣẹ̀fẹ̀ kankan, ohun tí n kò rí rí. Ó ní kí wọ́n tan sípíkà. Jodie kọ ìlà orin kan, ohùn rẹ̀ padà dé, ahọ́n rẹ̀ wọ́. Mo fún un ní fóòmù rírọ̀ kékeré tí a fi ń dí etí, mo ní kó fi dí etí ọ̀tún, èyí tó ń gbọ́rọ̀.

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. “Eléyìí nìkan ni mo ní, Àǹtí.”

Mo ṣàlàyé fún un, ní pẹ̀lẹ́tù, bí mo ṣe ṣe nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje. Ọ̀nà méjì ni ohùn ẹni ń gbà dé inú etí ẹni. Ọ̀kan ń gba inú afẹ́fẹ́, òun ni ó ń pẹ́ ní pápá. Èkejì ń gba inú eegun orí, ìyẹn kì í pẹ́ láé. Bí a bá dí ti afẹ́fẹ́, ti eegun á ròkè. Mo ní kó gbọ́ ara rẹ̀ láti inú eegun, kó sì máa fi ojú wo ọwọ́ olórí afunfèrè láti mọ ìgbà tí orin ń lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ kò dára, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì mọ̀. Ìgbà kejì, orin náà tọ́. Nígbà tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Neville ṣí fìlà rẹ̀ nínú òjò, ó sì di fìlà náà mú sí àyà.

Ṣùgbọ́n Jodie yọ fóòmù náà, ó fi sápò. Ó ní, “Pápá ṣófo lónìí. Ní Jímọ̀ Rere, wọ́n á kún ibí. Tí mo bá dí etí mi, mi ò ní mọ̀ bóyá wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.” Èmi ni mo kọ́ wọn ní ẹ̀rín náà. Ó tún ní, “Tí Mọ́mì bá ní kí n kọ ọ́ fún Bàbá Àgbà, màá kọ ọ́. Àmọ́ kí wọ́n mọ gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.”

Nísinsìnyí, o ti mọ gbogbo rẹ̀. Mo gbé fóònù láti pè ọ́, mo tún gbé e sílẹ̀. Ojú tì mí láti gbọ́ bí wàá ṣe dákẹ́. N kò bẹ̀ ọ́ nínú ìwé yìí, nítorí ti ọmọ rẹ ló ṣáájú. Ìwọ bínú sí mi bí ó ṣe wù ọ́, bí ó ṣe pẹ́ tó. Mo ti sọ fún Neville pé kó wá ẹlòmíràn fún ètò. Mo lọ bá Sheila ní ilé rẹ̀, ó gbọ́ mi tán, kò sì tíì gbà láti ta páì fún mi. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí Trevor, kí o sì bá mi kí àwọn ará ilé kejì yín tí wọ́n ń ra nǹkan fún yín lọ́jà. Má gun àtẹ̀gùn láìní ẹni lẹ́yìn.

Kí o tó pe Jodie, jọ̀wọ́ ṣe nǹkan kan. Jókòó sórí àga tó le, kí ìbàdí rẹ má bàa dùn ọ́. Fi ìka dí etí rẹ méjèèjì dáadáa, kí o sì di ojú. Wá pa ẹnu mọ́, kí o kun orin tí bàbá rẹ máa ń kùn nígbà tó bá ń sá ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù sórí okùn. Wàá gbọ́ ohùn ara rẹ nínú eegun orí rẹ, nítòsí, láìfà sẹ́yìn, kò sì ní sí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Yọ ìka rẹ. Gbé fóònù. Sọ ohun tí o gbọ́ fún un.

Èmi tí ojú ń tì, tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ,

Glenys.