Nọ́ńbà Rẹ Pè Mí, Sufyan

Sufyan, àbúrò mi, ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ, ẹnu ṣì ń yà mí. O kírun àárọ̀, o ní kí wọ́n po kókó fún ọ. Kí kókó tó tutù, o ti lọ! Ìwọ tí o kò ṣàìsàn! Ta ni ì bá gbà á gbọ́?

Hamidat ọmọ rẹ ti ga jù mí lọ. Ó ti parí Kùránì, a sì ti ṣe wòlímọ̀ rẹ̀. Ilé tí o ń kọ́ ní Adéwọlé, tí o fi sílẹ̀ láìkàn lórùlé, a ti kàn án. Yàhàyá ọmọṣẹ́ rẹ kò ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ṣì ń gé bàbà pẹlẹbẹ mọ́ pátákó kéékèèké, ó ń fi ṣe áńténà bí o ṣe kọ́ ọ. Èmi tí mo máa ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé áńténà ni ìyàwó rẹ kejì, èmi náà ni mo ń gbálẹ̀ ibẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí.

O rántí ẹ̀rọ kékeré tí o ṣe fún Màmá wa pé kó máa gbé kọ́rùn, pé bó bá ṣubú tàbí tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀rọ náà pe fóònù mi? Síìmù rẹ àtijọ́ lo fi sínú rẹ̀. Lórí tábìlì, ó ń pè geerege. Tó bá ti kan àyà Màmá, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. O ní ara èèyàn ló ń gba agbára áńténà náà. O gé e kúrú, o gé e gùn, o tún un gé, kò gbà. Ọ̀sẹ̀ tí o kú gan-an lo ní kí Màmá bọ́ ọ sílẹ̀, pé o ti kùnà.

Màmá kò bọ́ ọ. Lẹ́yìn ikú rẹ, ó gbé e lọ bá oníṣẹ́ awọ. Wọ́n rán àpò fún un bíi tírà, wọ́n fi òwú tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà máa ha á láyà. Ó ń gbé e síná, ó sì ń ní kí Hamidat máa fi káàdì sí i, kí wọ́n má baà fi nọ́ńbà rẹ fún ẹlòmíràn. A rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é, a kò bá a wí.

Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní Post Office, fóònù mi dún. Mo wò ó. Sufyan! Orúkọ ẹni tí wọ́n gbé jáde lójú mi! Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo jàjà gbé e, ohùn Màmá ni mo gbọ́: "Hidayat, mo ti ṣubú o. Mi ò lè dìde."

Itan rẹ̀ ló kán, òun nìkan ló sì wà nílé. Alihamdulilahi, ó ti ń fi ọ̀pá rìn.

Yàhàyá yẹ ẹ̀rọ náà wò. Àyè kékeré tí òwú yẹn fi sáàárín ẹ̀rọ àti ara Màmá, òun náà ni! Òun náà lo ń wá! Iṣẹ́ rẹ dára, ó kàn sún mọ́ ara jù ni. Sufyan, o ò kùnà! O ò kùnà, o sì kú láìmọ̀!

Kí Ọlọ́hun tẹ́ Alijánnà fún ọ. Ìfẹ́ rẹ kò dín lọ́kàn wa.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ báyìí, Màmá máa ń tẹ ẹ̀rọ náà kó fi dán an wò. Yàhàyá ní kí n yí orúkọ tó wà lórí fóònù mi padà sí Màmá. Mo kọ̀. Mo mọ̀ pé Màmá ni. Síbẹ̀, kí n tó gbé e, ọkàn mi á ti kọ́kọ́ sọ pé àbúrò mi ló ń pè.

Èmi Hidayat, ẹ̀gbọ́n rẹ, lórúkọ gbogbo ẹbí.