Mẹ́kà Tó Wà Nínú Flash Mi

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o. Ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi orí page yìí, mo ti tan màmá mi jẹ. Tẹlifíṣọ̀n ni mo fi tàn wọ́n. Ohun tí mo fi tàn wọ́n yẹn náà ló sì gbé wọn dìde, wọ́n ti ń rìn báyìí, màmá mi ń rìn!!! Inú mi ń dùn débi pé mo kàn máa ń dédé rẹ́rìn-ín tí mo bá ń fọ abọ́... ó sì ti rẹ̀ mí, ó rẹ̀ mí dé egungun, torí ọjọ́ Friday ni bùrọ̀dá mi ń dé, wọ́n sì ti ní àwọn ò ní bá mi parọ́ kankan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, ẹ má bínú tó bá gùn.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, èmi ni àbígbẹ̀yìn, secondary school ni mo kà mọ. Ìsọlọ̀ la ń gbé, apá ibi tó sún mọ́ Òkè-Afá, èmi àti màmá mi nìkan. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni màmá mi, kúlà àti abọ́ oníke ni wọ́n ń tà l'Óṣòdì látìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Gbogbo ayé wọn, Mẹ́kà ni. Tí a bá ní kí wọ́n ra aṣọ, Mẹ́kà. Tí a bá ní kí wọ́n sinmi, Mẹ́kà. Ọdún tó wá yẹ kí wọ́n lọ gan-an ni wọ́n já bọ́ lórí àtẹ̀gùn bridge l'Óṣòdì, itan wọn kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ó jinná, dókítà ní egungun ti dára, ẹ̀rù ló kù lára wọn, kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀. Màmá mi ò rìn. Ọdún kan àbọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọjú sí ògiri. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń sè, èmi ni mò ń gbé wọn lọ sí toilet, èmi náà ni mò ń ta ìyókù abọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣègbéyàwó, èmi ń fọ pó. Mi ò ráhùn o, màmá mi ni... àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti tọ́jú aláìsàn rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Tí o bá sùn, kò ní dà bíi pé o sùn.

Bùrọ̀dá mi àgbà, Bùrọ̀dá Lúkmán, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ti lọ sí Mẹ́kà tiwọn rí. Ááfà àdúgbò wa wá sọ fún wa pé ẹni tó bá ti ṣe tiẹ̀ lè lọ ṣe ti ìyá ẹ̀ tí ara ìyá ò bá gbé e, ìyá ló máa gba láádá ẹ̀. Gbogbo wa yọ̀. Màmá mi nìkan ni ò yọ̀. Wọ́n ní kò burú, àmọ́ ẹnì kan kì í báni jẹun kí ikùn ẹni yó. Wọ́n tún yíjú sí ògiri. Ọjọ́ tí bùrọ̀dá wá dágbére ni màmá mi tó ṣe bí èèyàn díẹ̀, wọ́n ní kí n gbé gèlè àwọn elésè àlùkò wá, wọ́n fà á ya, wọ́n so ìrépé kan mọ́ okùn báàgì bùrọ̀dá mi. Wọ́n ní funfun ni gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ máa wọ̀, èyí ni àwọn á fi dá ọmọ àwọn mọ̀. Mo ní màámi, níbo lẹ ti fẹ́ rí wọn? Wọ́n ní ṣebí Lúkmán ní ẹ̀rọ kan wà.

Ẹ̀rọ yẹn ni bùrọ̀dá mi ní kí n rà, èyí tí wọ́n ń so mọ́ TV tó fi ń gbé internet, kí màmá lè máa wo Mẹ́kà live. Wọ́n ní èyí tó rí bí ìka ni kí n rà, tó máa wọ ẹ̀yìn TV tí kò ní hàn síta. Mo gba Òṣòdì lọ. Ọmọbìnrin tó ń tà á ò lè ju mí lọ púpọ̀, ó ń jẹ gúgúrú, kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Sister, ta ló fẹ́ lò ó?" Mo ní màmá mi ni, Mẹ́kà ni wọ́n fẹ́ máa wò. Ó ní, "Network àdúgbò yín ńkọ́?" Mo kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O ti dá mi lóhùn." Ó kó mẹ́ta síwájú mi. Ó ní èyí àkọ́kọ́ ní channel tó pọ̀ bí iyanrìn, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹ̀ bá kú lọ́sẹ̀ kejì kí n má padà wá bú ìyá òun. Èkejì ni ti bùrọ̀dá mi, ó kéré, ó rẹwà, button remote ẹ̀ ò pọ̀ rárá, àmọ́ kò níbi tí èèyàn lè ki flash bọ̀, tí network bá ti lọ, òun náà ti di ìka lásán nìyẹn. Ẹ̀kẹta rí pẹlẹbẹ bí àwo ọṣẹ, ó dúdú, ó níhò flash lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ọjọ́ tí network bá ṣe yín bó ṣe máa ń ṣe yín, ẹ ó fi flash gba ara yín là.

Ẹ̀kẹta ni mo rà. Ẹ jẹ́ kí n kúkú jẹ́wọ́ ẹ̀ tán, kì í ṣe màmá mi ni mo rò... series mi ni mo rò. Mo ní series tó kún flash kan bámúbámú, ojú fóònù mi tó ti fọ́ ni mo ti ń wò ó. Mo parọ́ fún bùrọ̀dá mi pé èyí tó rí bí ìka ti tán l'ọ́jà. Ọmọbìnrin yẹn wá bá mi ki fídíò kan sórí flash mi, àwọn èèyàn tó ń yí Káábà ká, ti ọdún tó kọjá, kó lè fi hàn mí pé ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Mi ò rántí pa á rẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo tan Mẹ́kà live, màmá mi kúrò lójú ògiri! Wọ́n ní kí n bu omi àlùwàlá wá. Wọ́n ní kí n gbé àwọn sórí àga, kí n wọ̀ wọ́n láṣọ funfun. Odindi wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó, èèyàn tí kò jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Hotspot fóònù mi ni a ń lò, data ń lọ bí omi inú ajere. Ìgbà míì network á lọ, nǹkan róbótó yẹn á wá máa yí, á máa yí, á máa yí lójú Káábà. Màmá mi ní, "Èyí náà ti ń yípo látàárọ̀, ṣé kò ní sinmi ni? Àlàájì lòun náà máa dà bọ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Mo ti gbàgbé ìgbà tí màmá mi ṣàwàdà kẹ́yìn. Ìyá Ṣàkírà tó ń gbé yàrá kejì sí wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó, àwọn ìyá mẹ́ta míì náà wá, pálọ̀ wa di mọ́ṣáláṣí.

Ọ̀rọ̀ wá di ọjọ́ tí bùrọ̀dá mi ní àwọn máa yí Káábà ká lẹ́yìn ìrun alásárì. Láti àárọ̀ ni màmá mi ti wẹ̀. Àwọn ìyá ti pé lórí ẹní. Network lọ... kì í ṣe pé ó ń yí o, ó lọ pátápátá. Mo tan fóònù, mo pa á, mo jáde sí corridor, mo gbé e sókè bíi pé mò ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọ̀run, kò sí. Mo wọlé, mo wo ojú màmá mi. Wọ́n ti ń yíjú sí ògiri padà. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ki flash bọ̀ ọ́, mo ní, "Ó ti dé o!"

Kò pé rárá. Màmá mi pariwo, "Lúkmán! Lúkmán mi nìyẹn!" Wọ́n dìde!!! Wọ́n dìde lórí àga, ẹnikẹ́ni ò dì wọ́n mú, wọ́n gbẹ́sẹ̀ kan, wọ́n gbé ìkejì, wọ́n gbé ìkẹta, wọ́n fọwọ́ kan TV. Àwọn ìyá ń pariwo Allahu Akbar, Ìyá Ṣàkírà ní òun náà rí ìrépé gèlè yẹn gbangba, pé ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Èmi kàn jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán mo tún un wò. Baba arúgbó kan ni, irùngbọ̀n funfun, ó gbé láílọ́ọ̀nù elésè àlùkò dání. Bùrọ̀dá mi ò tíì pé ogójì ọdún, wọn ò ní irùngbọ̀n kankan.

Látọjọ́ yẹn màmá mi ń rìn. Wọ́n ń dá lọ sí balùwẹ̀. Wọ́n ń jókòó síta bá mi ta abọ́, wọ́n tún ń bá oníbàárà dúnàádúrà! Gbogbo àdúgbò ń kí wọn ní Àlàájà, wọ́n á ní, "Àlàájà ni mí lóòótọ́, mo wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe." Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan kì í báni jẹun mọ́. Wọ́n ti ránṣẹ́ sọ fún àwọn ará Ìsẹ́yìn. Mo dẹ̀ ń sùn báyìí, tí mo bá sùn, ó ń dà bíi pé mo sùn... àfi tí mo bá rántí Friday.

Torí bùrọ̀dá mi ti sọ fún mi lórí fóònù pé ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ àwọn wú, àwọn ò jáde rárá, ọjọ́ kejì ní ìdájí ni àwọn tó lọ. Ìrépé gèlè yẹn sì ti já bọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo jẹ́wọ́ fún wọn, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ dákẹ́. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ẹnu tí àwọn fi mu omi sámúsámù Mẹ́kà parọ́ fún ìyá tó rán àwọn níṣẹ́, pé tí màmá bá bi àwọn, àwọn á sọ òótọ́. Màmá mi dẹ̀ máa bi wọ́n, wọ́n ti ń ka ọjọ́! Tí wọ́n bá gbọ́ pé irọ́ ni, ṣé wọn ò ní padà sójú ògiri? Ṣé ẹsẹ̀ yẹn á ṣì gbé wọn? Ṣé kí n kúkú jẹ́wọ́ kí Friday tó pé?

Mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ lánàá, mo ti kúnlẹ̀ gan-an. Màmá mi ń fi aṣọ nu ara TV. Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "Nǹkan kékeré tó ń tan iná búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yìí, yọ ọ́. Fi ìyókù gèlè mi wé e, kó o gbé e sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Má jẹ́ kí Lúkmán rí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò sọ fún wọn rí pé inú flash ni fídíò yẹn wà. Ta ló sọ fún wọn? Àbí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́? Tí wọ́n bá mọ̀, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ojú àwọn ló ṣe? Ṣé kí n bi wọ́n ni, àbí kí n dákẹ́? Kí ni kí n sọ fún bùrọ̀dá mi? Mo ti yọ flash náà, mo ti wé e sínú gèlè bí wọ́n ṣe wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn bú mi, ẹ bá mi dá sí i kíákíá... mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn ní corridor bí mo ṣe ń tẹ èyí, wọ́n ń dá bọ̀, wọn ò di ògiri mú.