Lẹ́tà Tó Wọlé Tààrà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Orúnkún Bàbá ti fúyẹ́, wọ́n ti ń dá rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Lánàá, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá so tiwa mọ́ wáyà tẹlifóònù, kí í-meèlì lè máa wọlé síbí tààrà. Mo bi í pé, "Ilẹ̀kùn wà ní títì, ibo ni lẹ́tà fẹ́ gbà wọlé?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀gbọ́n, inú wáyà ni."

Mo fọwọ́ kan wáyà náà, kò tilẹ̀ gbóná. Àfi bí lẹ́tà rẹ ṣe yọ gannboro! Bàbá ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi," bí ẹni pé ìwọ lo wọlé.

O ní ara rẹ "yá díẹ̀." Mo mọ̀ pé torí oníṣọ́ọ̀bù tó ń bá wa gba lẹ́tà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń kà á sókè létí àwọn oníbàárà, lo ṣe ń fọ̀rọ̀ pa mọ́. Èmi nìkan ló ń kà á báyìí. Jọ̀ọ́, kí ni dókítà sọ gan-an?

Ọlọ́run á wò ọ́ sàn. Bó bá jẹ́ ẹkún ni, jẹ́ ká jọ sun ún. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rín, má dá a rín.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.