Ohùn Tó Jọ Tèmi

Ìyá mi,

Iṣẹ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì l'Ékòó níbí ni kí èèyàn fi kọ̀ǹpútà kó àwòrán, ọ̀rọ̀ àti ohùn pọ̀, kí wọ́n lè jíṣẹ́ fún ẹni tó ń wò wọ́n. Lóṣù tó kọjá, mo gba ohùn ara mi sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n fi kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń sín ohùn èèyàn jẹ. Hameedat, ọmọ Ìbà tó wà nínú wọn, mú kí ohùn náà kí yín: "Ìyá Òkukù, ẹ kúulé o!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Hameedat ní, "Mà, ẹ ti ní ìkejì!" Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹnìkan ti jí ohùn náà kó.

Ẹ sọ lánàá pé mo pè yín lọ́jọ́bọ̀, pé kí ẹ fa Ìtùnú ọmọ mi lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ lọ sí Inísà, àmọ́ ibà kò jẹ́ kí ọmọ náà lè jáde. Ìyá mi, èmi kọ́ ni mo pè. Ẹ má fòyà. Ara mi le. Bí ìwé yìí bá rí wúruwùru, ìkánjú ni, Akeem, awakọ̀ tó máa mú un wá fún yín, ń dúró dè mí ní gáréèjì. Ǹ bá wá fúnra mi, ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí n dúró dáhùn ìbéèrè nípa ohùn tí wọ́n jí náà.

Ẹ bá mi kí Bàbá Oyèlárán, aládùúgbò wa.

Bí ohùn mi bá tún pè, ẹ ní kí ó sọ oríkì mi. Mi ò kọ ọ́ síbí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pa fóònù, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì di Ìtùnú mú.