Iṣẹ́ Ọkọ Mi Tí Ó Fi Tọrẹ

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, ẹ kú iṣẹ́, sannu da aiki, bí wọ́n ṣe ń kí òṣìṣẹ́ níbí. Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó wọ́. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ọ̀rọ̀ kì í sì í yá mi lẹ́nu. Ìyàwó tuntun ni mí ní Barnawa lókè Ọya, mo ń ránṣọ. Ọkọ mi ṣe ètò kan sórí kọ̀ǹpútà tí télọ̀ fi ń tọ́jú ìwọ̀n oníbàárà. Ó fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni lè wo inú rẹ̀ kó sì tún un ṣe. Bàbá mi ní ó ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ di yẹpẹrẹ, kí n bẹ̀ ẹ́ kó máa tà á.

Ṣùgbọ́n lánàá, obìnrin kan ní Bràsíìlì, tí a kò rí rí, tún ìwọ̀n apá aṣọ inú ètò náà tí èmi gan-an ṣì sọ fún ọkọ mi ṣe. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹnu yà mí. Ṣé yẹpẹrẹ nìyẹn? Kí ni kí n sọ fún Bàbá? Lọ́kàn tèmi, mo rò pé…

Ọkọ mi ń pè mí: “Ìyàwó, ẹlòmíràn tún ti kọ̀wé, wá wò ó.” Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó ná…