Wọn Ò Wó Gbọ̀ngàn Yín Mọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi. Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ yín lọ́kàn títí ẹ fi lọ ti yanjú. Wọn ò wó gbọ̀ngàn àtijọ́ náà mọ́.

Kò tíì pẹ́ tí ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì ìwólé sára ògiri rẹ̀. Lórí ibùsùn àìsàn gan-an, ẹ ò yé bi mí bóyá katapílà ti dé. N kò mọ èsì tí n bá fún yín.

Ẹ fẹ́ràn ilé yẹn jù. Kò sí àlejò tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí tẹ̀yin tèmi ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ l'Ágége tí ẹ kì í mú yí i ká: ìtàn àwọn òyìnbó ìjọ tó kọ́ ọ, ògiri amọ̀ tó nípọn, fèrèsé onípákó tó dojú kọra kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín kọjá. Àní àwọn àna tó wá tọrọ mi, ẹ mú wọn dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lọ wo ìpìlẹ̀. Ebi ń pa wọ́n, ojú ń tì mí.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba ológun rán dé, ilé alájà mẹ́ta tuntun ni ọ̀gá wa fi wọ́n jókòó sí, kó lè fi yangàn. Iná lọ. Láti ìgbà tí SAP, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ti dé, ta ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀? Ilé onígíláàsì náà gbóná bí ààrò búrẹ́dì. Ni wọ́n bá kó àga, wọ́n wá ń ṣèpàdé wíwó gbọ̀ngàn yín nínú gbọ̀ngàn yín. Kò pẹ́ tí sójà tó jẹ́ alága fi sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó láyà láti jí i.

Nígbà tó ta jí, ó ń wòkè, ó ń fọwọ́ pa ògiri. N kò mọ ìgbà tí mo dìde láàárín àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀. Gbogbo àlàyé yín tú jáde lẹ́nu mi, mo sì kó wọn lọ wo ìpìlẹ̀. Ẹni bíni làá jọ.

Àtúnṣe ni wọ́n fẹ́ ṣe sí i báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọ̀dà funfun pa àmì náà rẹ́. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún, ara sì tù mí.

Ṣé ìròyìn máa ń dé ọ̀dọ̀ yín? Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, n kò lè dúró níwájú ibojì yín, nítorí n kò ní èsì tí mo lè mú wá. Lọ́la, n ó wá.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó ń ṣàárò yín.