Wọ́n Ní Ràfíù Ti Di Wálíì

Bàbá mi, Alfa mi, ẹni tí mo ṣì ń kí kí n tó jáde nílé,

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ka lẹ́tà yìí. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé inú ń bí mi, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè bínú sí kó má di ìjà ẹbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Láti ìgbà tí ẹ ti kú ni Ràfíù àbúrò mi ti gba ilé-kéú yín ní Nima. Ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀, lójú gbogbo ẹbí, lórí ibùsùn àìsàn yín. Ó gbà á tọkàntọkàn. Àwọn ọmọ kéú pọ̀ sí i, òrùlé ń jò, gbogbo nǹkan wọ́n gógó ní Accra yìí, ọmọkùnrin náà kò sì sunkún yín rárá. Ó ní Alfa kì í sunkún. Ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀? Ẹ̀yin sunkún Ìyá wa títí ojú yín fi wú, níwájú àwọn ọmọ kéú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé kò jẹun mọ́. Wọ́n ní ó ń gbààwẹ̀ ni. Kò sùn mọ́, wọ́n ní nàfílà ló ń kí. Nígbà tó yá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, àdúgbò bá sọ ọ́ di wálíì, àyànfẹ́ Ọlọ́run. Bàbá, ẹ ò rí èrò! Wọ́n ń wọ ọkọ̀ trotro wá láti Alajo, àwọn oníṣu ń wá láti Agbogbloshie, kálukú pẹ̀lú omi nínú ike, kó ṣáà fẹ́ àdúrà sí i. Bí kò bá dá wọn lóhùn, wọ́n á ní inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ gan-an ni alùbáríkà wà. Inú ẹbí dùn. Alhaji àbúrò yín ń yan kiri bí ẹni pé òun ló bí i.

Ẹ̀yin ni mo ń rántí. Alfa Fàájì ni wọ́n ń pè yín lẹ́yìn, ẹ mọ̀, ẹ sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Tí ẹ bá ti kírun Àìlá tán, oorun yá nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn yín. Ẹni tó bá gbé ìṣòro wá láàárọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ ní kó bá yín mu kókò, ẹ̀kọ gbígbóná yẹn, kó jẹ àkàrà sí i. Ẹ kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ebi ń pa. Lẹ́yìn Àsùbáà, ẹ ó fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn dé Alajo, ẹ ó kí èèyàn méjì mẹ́ta, ẹ ó padà. Kò sí nǹkan kan tí ẹ lọ ṣe níbẹ̀. Àwa ọmọ yín rò pé ayé jíjẹ ni. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ìdí rẹ̀ fún wa? Ẹ kọ́ Ràfíù ní Kùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ṣáájú wa nírun Mọ̀gáríbà. Ó bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, ó dé àárín, ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́kún, wọ́n rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló dí i lọ́fun. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohùn àbúrò mi. Ó ti gbàgbé ni. Fátíhà, Bàbá, èyí tí ẹ kọ́ ọ kó tó mọ bàtà wọ̀.

Mo tẹ̀lé e wọ yàrá, mo bi í ohun tó ń ṣe é. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé: “Àǹtí, mi ò fẹ́ jí mọ́ láàárọ̀.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mi ò tíì fi í sílẹ̀ lóun nìkan láti ìgbà náà.

Mo mú un lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ń sùn, bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Rárá ló ń dáhùn. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní ká máa padà wá. Alhaji gbọ́, ó ya bo ilé, ó ní mo ń sọ alùbáríkà di wèrè, mo fẹ́ ba orúkọ yín jẹ́. Mo ní kó máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ọmọ yín lé àbúrò yín jáde, mi ò sì tíì tọrọ àforíjì.

Mo ti ilé-kéú pa ná. Ẹnu ọ̀nà ni mo ń jókòó sí. Bí àwọn olómi bá dé, mo ń sọ fún wọn pé ara Ràfíù ò yá, kí àwọn náà bá a ṣàdúrà. Àwọn kan ń bú mi ní Haúsá, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo ń gba fóònù rẹ̀ pamọ́. Mo ń jókòó tì í títí yóò fi mu kókò díẹ̀. A máa ń rìn láàárọ̀. Nígbà míì, a kì í kọjá ilé kẹta kó tó ní kí a padà. Ó ti rù gan-an. Kò tíì yá, Bàbá, mi ò ní parọ́ fún yín.

Bàbá Tẹ́lọ̀ ọ̀rẹ́ yín nìkan ni kò bá mi wí. Ó ń wá lẹ́yìn Àlàsárì, á gbé aṣọ tó ń fọwọ́ rán dání, á jókòó ti Ràfíù, kò ní wàásù fún un. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, mo ń dúpẹ́. Ó ní: “Má dúpẹ́. Báyìí náà ni mo ṣe jókòó ti bàbá rẹ, kó tó fẹ́ ìyá rẹ.” Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ̀yin náà ti dé ibi tí Ràfíù wà yìí rí? Ṣé ojú ló tì yín ni ẹ ò fi sọ? Tàbí ẹ rò pé kò ní ṣe ọmọ yín kankan láéláé?

Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Tẹ́lọ̀ yìí fún Ràfíù lánàá. Ó gbójú sókè, ó bi mí bí ẹ ṣe là á já. Ó ti pẹ́ tó ti béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá, báwo lẹ ṣe là á já?

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó ń bínú sí yín, tó sì fẹ́ràn yín gan-an.